Ìwé Tí Ìyá Ọmọ Yóò Kà

Ìyá Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kò dára, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú yàrá kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì ìjọba, tó ń ya àpò ìwé, tó ń lu òǹtẹ̀, tó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé gbàǹgbà, orúkọ iṣẹ́ á kúkú gbé orúkọ ilé mì. Mínísítà tó wà lórí oyè nígbà náà pàápàá, bí ìwé kan bá sọnù, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ lọ bi Ìyá Lẹ́tà."

Obìnrin kúkurú ni, tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé nǹkan sórí iná nílé. Awò ojú méjì ló ní: ó ń fi ọ̀kan kàwé, ó ń fi ìkejì wo ènìyàn. Bó bá gbàgbé, tó fi èyí tó fi ń kàwé wò ọ́, ojú rẹ̀ á tóbi bí ojú òwìwí, ìwọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ara rẹ bóyá o ti ṣẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ìjọba ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé sí òkè òkun bí omi tó ń wá ibi tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ti ibì kankan wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì wa kò burú. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ mọ̀wé, òórùn ọ̀dà tuntun ṣì wà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Mínísítà ní ẹni tó bá wá kàwé nílé ẹni yóò di ọ̀rẹ́ ẹni títí ayé, bó sì padà di ẹni ńlá nílé rẹ̀, kò ní gbàgbé. Ni wọ́n bá dá sikọ́láṣíìpù sílẹ̀ fún ogún akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún. Owó ilé-ẹ̀kọ́, yàrá, oúnjẹ, owó ọkọ̀ òfurufú, gbogbo rẹ̀, ọrùn ìjọba ni.

Wọ́n wá yàrá méjì fún iṣẹ́ náà ní àjà kẹta, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Wọ́n fi ọkùnrin gígùn kan ṣe olórí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó gbọ́ èdè mẹ́ta yàtọ̀ sí tiwa, tí kì í sì í fọwọ́ sí ìwé tí àmì rẹ̀ kò bá pé. Ó lè tìtorí kọ́mà kan dá lẹ́tà padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀gá Kọ́mà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Ìyá Lẹ́tà ni wọ́n yàn láti bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ wò ó. Èmi náà kì í fi òǹtẹ̀ wíwọ́ sílẹ̀."

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó lé ní irinwó ló kọ̀wé béèrè. Wọ́n yan ogún. Ìyá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló lu òǹtẹ̀ sí ogún lẹ́tà náà, ó lẹ̀ wọ́n pa, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Wọ́n tún ibùsùn ogún ṣe ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí oṣù pé, mẹ́fà péré ló dé. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ojú Ọ̀gá Kọ́mà korò bí ewúro. "Ọ̀fẹ́!" ló ń pariwo nínú yàrá rẹ̀. "Ọ̀fẹ́ la fún wọn! Ṣé kí a tún wá pọ̀n wọ́n wálé ni?"

Nígbà tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, Ìyá Lẹ́tà mú ẹ̀dà kan nínú lẹ́tà ọ̀hún, ó kì í bọ àpò rẹ̀. Nílé, lẹ́yìn tó ti bọ́ bàtà, ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé ilé ìdáná, ó sì kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "A fi àsìkò yìí sọ ọ́ di mímọ̀ fún ọ pé, ní ìbámu pẹ̀lú abala kẹrin ìlànà ètò yìí, a ti fọwọ́ sí ìbéèrè rẹ. O gbọ́dọ̀ fara hàn ní ilé-ẹ̀kọ́ kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án. Bí o kò bá fara hàn, àǹfààní náà bọ́."

Ó kà á tán, ó gbé e sórí itan. Ó mọ irú lẹ́tà yìí. Ó ti ka irú rẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà, gba lẹ́tà láti orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà pé kó wá kọ́ṣẹ́ apòògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ń fò sókè, ó ń jó yí àga ká. Ìyá gba lẹ́tà náà, ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn, ó ń wá ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: ta ni yóò pàdé ọmọ yìí? Níbo ni yóò sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ta ni a ó pè? Kò rí ìkankan. Òfin ló rí, àti ọjọ́ tí àǹfààní yóò bọ́. Ó ní òun yóò ronú sí i. Ó ti lẹ́tà náà bọ inú àpótí ìránṣọ rẹ̀, ó sì ń ronú títí ọjọ́ fi kọjá. Ọmọ sunkún fún ọjọ́ méjì, ó nu ojú, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Ó di apòògùn náà, ó ní ilé oògùn tirẹ̀ ní oríta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba lẹ́tà yẹn nínú àwọn méjèèjì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi kanlẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Mo ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀."

"Ẹ jókòó, Màmá. Níbo ni?"

"Ọmọ là ń kọ̀wé sí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kọ́ ló ń ka ìwé náà. Ìyá rẹ̀ ló ń kà á."

Ọ̀gá Kọ́mà wò ó. "Ọmọ ọdún méjìdínlógún, ogún ọdún, àgbàlagbà ni wọ́n lójú òfin."

"Lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ìyá wọn ńkọ́? Ọmọ á fẹ́ máa lọ, ẹ má ṣèyọnu nípa ìyẹn. Ìyá ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ tí kò ní àlàyé, Ọ̀gá, ẹ̀rù ló ń bani. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n gbé ọmọ mi wá lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sọ ibi tó máa sùn, màá ní gbọ́mọgbọ́mọ ni."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí a ṣe?"

"Kí a fi ojú-ìwé kejì sí i. Kí a kọ ọ́ sí ìyá."

"Màmá, ìjọba kì í kọ̀wé sí ìyá ènìyàn."

"Kí ló dé? Ṣé ìjọba kò ní ìyá ni?"

Ọkùnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kó lọ kọ ọ́ wá, òun yóò kà á, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí ohunkóhun.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi kọ ọ́. Ìyá Lẹ́tà tó ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìgbà èwe kò tíì kọ ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ rí. Ó lọ sí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, ó wo bí ibùsùn ṣe rí, ó ṣí omi wò, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún un ṣí. Ó rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn, aago lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, díẹ̀ nínú ìwé náà nìyí:

"Sí ìyá, tàbí bàbá, tàbí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Ẹ kú oríire. Ọmọ yín gbìyànjú, ẹ̀yin náà sì gbìyànjú. Nígbà tí bàálù bá gúnlẹ̀, obìnrin kúkurú kan tó wọ awò ojú yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, pátákó tí a kọ orúkọ ọmọ yín sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni. Yàrá rẹ̀ ní ibùsùn, tábìlì, fèrèsé tó kọjú sí igi, àti kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ilé ìwòsàn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín, ẹsẹ̀ mi sì kúrú. Nọ́ńbà fóònù orí tábìlì mi nìyí. Bí ẹ bá pè, tí ẹ kò gbọ́ èdè wa, ẹ ṣáà dárúkọ ọmọ yín. Màá mọ ohun tí ẹ ń béèrè."

Ọ̀gá Kọ́mà mú bírò pupa. Ó fi kọ́mà sí ibi mẹ́jọ, ó yọ ọ̀kan kúrò, ó sì fagi lé gbólóhùn kan nípa oúnjẹ tí Ìyá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àsọdùn ni. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní "èmi ni," ó dá bírò dúró.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ pàdé gbogbo wọn?"

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Ọ̀gá."

Ó fọwọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ èdè ní yunifásítì túmọ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè, wọ́n sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ti ọdún kejì.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé kí oṣù tó parí, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n ti wá. Bàbá kan béèrè bóyá wọn yóò jẹ́ kí ọmọ òun máa gbàdúrà. Ìyá àgbà kan fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn olùkọ́ máa ń na ọmọ. Òmíràn béèrè bóyá ejò wà. Ìyá Lẹ́tà dá gbogbo wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ kó rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ti ìyá kan tó kọ̀wé pé: "Ọmọ mi obìnrin ní ọpọlọ, kò sì ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bó bá sùn, ẹ lè gbé e tà kó má mọ̀. Ta ni yóò máa jí i?"

Ìyá Lẹ́tà fèsì pé: "Mo ní aago kan tí aládùúgbò mẹ́ta ti bá mi jà nítorí ariwo rẹ̀. Màá gbé e fún un."

Nínú ogún, mẹ́tàdínlógún ní àwọn ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, ojoojúmọ́ ni Ìyá Lẹ́tà wà ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú dírẹ́bà ọ́fíìsì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé ìgbín lè bá a du ọ̀nà. Bó ṣe ń gba ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń gba méjì. Ó ń fa àpótí, ó ń bu omi fún wọn, ó ń sọ fún Jẹ́jẹ́ pé kó má tẹ mọ́tò jù, Jẹ́jẹ́ a sì ní, "Màmá, ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ku ẹni mẹ́ta. Bàálù kan náà ni yóò gbé wọn dé. Àwọn èrò jáde, wọ́n tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì rí orúkọ wọn lára pátákó, wọ́n sáré wá. Ẹni kẹta kò sí. Ìyá Lẹ́tà dúró títí àwọn agbálẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀. Ó lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà. Ìyẹn wo kọ̀ǹpútà, ó ní ẹni yẹn wọ bàálù láti ilé, ṣùgbọ́n kò wọ èkejì ní ìlú tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà họ orí. "Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì," ló wí, èdè wa ń gún un lẹ́nu bí egungun ẹja. "Ó ń sùn. A rò pé ọkọ̀ mìíràn ló ń dúró dè."

Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí Ìyá Lẹ́tà lẹ́yìn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ̀wé nípa oorun rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Asùn-bí-òkúta lọ́fíìsì. Ìyá Lẹ́tà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ọmọ ni kò sí.

Wọ́n padà sí ọ́fíìsì. Kò tíì jókòó dáadáa tí fóònù orí tábìlì rẹ̀ fi dún. Ó gbé e. Ohùn obìnrin kan ni, láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin náà kò kí i, kò sọ nǹkan mìíràn. Orúkọ ọmọ náà nìkan ló dá, ó tún dá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀gá Kọ́mà ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu Jẹ́jẹ́. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ ní ó ti dé. Ẹ ní ó ń sinmi. A ó wá a rí kó tó di ọ̀la."

Ìyá Lẹ́tà wo Ọ̀gá rẹ̀, ó mi orí. Ó sọ sínú fóònù, díẹ̀díẹ̀, pé, "Kò tíì dé." Obìnrin náà kò gbọ́. Ariwo díẹ̀ lọ, ohùn ọkùnrin kan sì gba fóònù. Ó ní àbúrò ọkọ obìnrin náà ni òun, òun ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, òun gbọ́ èdè wa díẹ̀.

"Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀," ni Ìyá Lẹ́tà wí, "pé mo dúró títí, ọmọ kò jáde. Ó sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, bàálù sì fi í sílẹ̀. A mọ ìlú tó wà. Mi ò ní dìde lórí àga yìí títí a ó fi rí i."

Ọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Lẹ́tà gbọ́ ohùn kan tí kò lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Ìyá rẹ̀ ní òun ti sọ fún yín ṣáájú," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ní ọmọ yẹn sùn níbi ìgbéyàwó èmi gan-an, lórí ìlù. Ó ní, ẹ ṣé tí ẹ kò parọ́ fún òun. Bí ẹ bá ní ó ti dé ni, òun ì bá ní kí ẹ gbé fóònù fún un."

Ojú ti Ọ̀gá Kọ́mà, ṣùgbọ́n ojú tó tì í yìí kò jẹ́ kó jókòó. Ó fa fóònù sọ́dọ̀, ó bọ́ kóòtù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlú náà. Ó fi èdè kan bẹ̀bẹ̀, ó fi èkejì bínú, ó fi ẹ̀kẹta pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n bá a rí obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó gbà láti lọ wo àwọn bẹ́ǹṣì. Wọ́n dúró. Obìnrin náà padà dé, ó ní òun rí i, ó ṣì ń sùn, ó fi àpò ṣe ìrọ̀rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun fọwọ́ tọ́ ọ kó tó lajú. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé a ti dé ni?"

Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú rẹ̀.

Wọ́n fi í sínú bàálù ọjọ́ kejì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Ìyá Lẹ́tà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Kọ́mà náà wá, òun ló gbé pátákó. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ga, ó fa àpótí tí táyà rẹ̀ kan ti yọ. Nígbà tó rí obìnrin kúkurú náà, ó dúró, ó tẹ orí ba, ó sì sọ gbólóhùn tó ti ń kọ́ bọ̀ nínú bàálù: "Ẹ jọ̀ọ́, mo sùn."

"A gbọ́," ni Ìyá Lẹ́tà wí, ó sì fà á mọ́ra.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sí ilé oògùn ọmọ rẹ̀ ní oríta, ó sì sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Ìyá Lẹ́tà ń to àwọn ìgò kéékèèké tí kò wọ́ láti ilẹ̀.

"Lẹ́tà tìrẹ ọjọ́un," ló wí. "Èmi ni mo jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo rí i nínú àpótí ìránṣọ nígbà tí mò ń wá abẹ́rẹ́."

"O ò sọ nǹkan kan."

"Inú bí mi. Ọdún méjì gbáko ni inú fi bí mi, ẹ kàn rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ló le." Ó gba ìgò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sí àyè rẹ̀. "Nígbà tí mo wá bí ọmọ tèmi, mo wò ó lọ́jọ́ kan, mo ní èmi náà kò ní jẹ́ kó lọ síbi tí kò ti sí ẹni tó dúró dè é. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìbínú náà bá kúrò níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n bó bá gba irú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ yẹn, màá bá a di ẹrù."

Ìyá Lẹ́tà bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó ní oògùn inú yàrá yìí ló ń ta òun lójú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mọ́kàndínlógún ló wá nínú ogún. Lọ́dún lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn pé, ìjọba sì sọ ogún di ogójì. Wọ́n gbé Ọ̀gá Kọ́mà lọ sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀; lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fún Ìyá Lẹ́tà ní bírò pupa kan, ó ní kó máa fi tún kọ́mà àwọn ọ̀gá tó kù ṣe.

Asùn-bí-òkúta kọ́ nípa omi mímu àti bí wọ́n ṣe ń fà á dé ilé. Ó ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sùn lọ nínú ìdánwò kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó papọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èdè kò pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń na ìka sí aṣọ àwọn ènìyàn, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán, àlejò náà di ọwọ́ Ìyá Lẹ́tà mú, kò jẹ́ kó kúrò láàárín àwọn ẹbí òun.

Ìyá Lẹ́tà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ara rẹ̀ le, orúnkún nìkan ló ń bá a ṣàríyànjiyàn. Ìyá Asùn-bí-òkúta ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, ó sì ti gbà. Kò gun bàálù rí láyé rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ń lọ sí yunifásítì, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ti ìlú kan náà wá ń kọ́ ọ lédè wọn. Ohùn rẹ̀ kò dọ́gba, akẹ́kọ̀ọ́ náà a sì máa fi ìwé bo ojú rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, bí wọ́n ṣe ń ná aṣọ, bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo ti yó." Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ilé ìtọ̀. Ó ní ìyẹn ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ òun, nítorí arìnrìn-àjò tó ti dàgbà kì í fi ìyẹn ṣeré.